Okùn Ẹṣin ní Ọ̀yọ́: Ibi tí Ẹṣin ti Wá àti Ipò Rẹ̀ láàrin Ọba, Òrìṣà àti Ènìyàn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Gbólóhùn yìí ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu débi pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹṣin ń wá nínú rẹ̀. Ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ ni ohun ọ̀sìn tí a ń bá pàdé ní agboolé Yorùbá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dé etíkun. Ẹṣin kò sí lára wọn. Ní Oǹdó, ní Ìjẹ̀bú àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́, ènìyàn lè dàgbà kí ó sì darúgbó láìfọwọ́ kan ẹṣin rí. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, ẹṣin ni èdè gbé kalẹ̀ fún gbogbo wọn láti fi wá a.

Ọ̀yọ́ ni ìdáhùn wà. Oríṣi ẹṣin mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí nínú ìtàn rẹ̀. Èkíní ni ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Ọ̀yọ́ Ilé fi jagun. Èkejì ni ẹṣin òrìṣà, ìyẹn ènìyàn tí Ṣàngó ń gùn. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹṣin gan-an bí kò ṣe oyè tí a fi ẹṣin sọ: Olókùn-ẹṣin, ẹni tí àṣà ní kí ó bá Aláàfin lọ nígbà tí ọba bá wàjà. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó wà lórí ẹṣin ni wọ́n sábà fi ń wo ọ̀rọ̀ náà, ìbáà ṣe jagunjagun, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe òrìṣà. Àlàyé yìí gba ìsàlẹ̀ wò ó, láti ọwọ́ ẹni tí ó di okùn mú. Ìdí ni pé àlejò ni ẹṣin jẹ́ ní Ọ̀yọ́ ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A mú un wá láti ibòmíràn, a sọ ọ́ di ará ilé, agbára ìlú sì gbára lé e. Ọwọ́ ẹni tí okùn rẹ̀ wà ni ó ń pinnu ẹni tí agbára náà yóò ṣiṣẹ́ fún.

Ilé tí ẹṣin ti wá

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ẹṣin lè gbé. Nínú igbó kìjikìji ìhà gúúsù, eṣinṣin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse máa ń gbé kòkòrò àìsàn kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ẹṣin tí ó bá kó o yóò rù, okun rẹ̀ yóò tán, yóò sì kú. Ọ̀yọ́ Ilé bọ́ lọ́wọ́ èyí dé ìwọ̀n kan, nítorí pé ọ̀dàn ni ó wà, ní ìhà àríwá níbi tí igi ti fọ́nká tí koríko sì pọ̀, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Odò Ọya. Ahoro rẹ̀ ṣì wà títí dòní nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń fi orúkọ Ọ̀yọ́ Ilé pè, èyí tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ òde òní.

Ṣùgbọ́n bí ẹṣin tilẹ̀ lè gbé Ọ̀yọ́ Ilé, kò bí síbẹ̀ tó. Robin Law, nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (1980), fi hàn pé àwọn ẹṣin ńláńlá tí Ọ̀yọ́ fi jagun, láti òkè ọya ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá, láti ọwọ́ àwọn Hausa, àwọn Tápà àti àwọn ará Bornu. Àwọn ẹṣin kéékèèké kan wà tí ara wọn gba àìsàn ọ̀dàn mọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò tó ohun tí a fi ń dá ẹ̀rù ba ọ̀tá. Nítorí náà, agbo ẹṣin Ọ̀yọ́ kò ní ilé kan nílẹ̀ Yorùbá tí a lè fi ọwọ́ sọ pé níbí ni wọ́n ti bí wọn. Ọjà ni ilé wọn. Bí ẹṣin ṣe ń kú ni a ń ra òmíràn, ẹrú àti ọjà òyìnbó tí ń gòkè bọ̀ láti etíkun sì wà lára ohun tí a fi ń rà á.

Àwọn òpìtàn máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin mọ́ ìgbà Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, ọ̀kan lára àwọn Aláàfin tí ó jọba ní Ìgbòho nígbà tí ogun Tápà ti lé ààfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. (Àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba ìwádìí tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹsẹ̀ kan rékọjá lórí rẹ̀.) Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ni Ọ̀yọ́ ti kọ́ ohun tí ó padà fi ṣẹ́gun àwọn ẹlòmíràn. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó gbé Ọ̀yọ́ tí ó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ pé ọmọbìnrin ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó. Bí a bá gba ìtàn náà gbọ́, ọ̀nà kan náà ni ẹṣin àti òrìṣà Ọ̀yọ́ gbà wọlé.

Ohun tí ẹṣin ṣe fún Ọ̀yọ́ kò fara sin. Láti Ọ̀yọ́ Ilé lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ọ̀dàn kò dáwọ́ dúró. Ó la àárín igbó kọjá títí dé etíkun ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Ọ̀nà yìí ni ẹṣin lè tọ̀. Ní 1698, ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin láti òkè wá kọlu Àládà, Willem Bosman, òyìnbó Dutch tí ó ń ṣòwò ní etíkun, sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1704. Ní 1726 ni Ọ̀yọ́ kọlu Dàhòmì. Dàhòmì ní ìbọn, ó sì ní ọmọ ogun tí ó gbóná, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó di ẹni tí ń san ìsákọ́lẹ̀ fún Aláàfin títí di àkókò Gezo ní nǹkan bí 1823. William Snelgrave, ẹni tí ó kọ nípa ogun wọ̀nyí ní 1734, jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára náà mọ: bí òjò bá ti ń sún mọ́lé, tí oúnjẹ ẹṣin sì ń ṣọ̀wọ́n, ogun Ọ̀yọ́ á kó ẹrù rẹ̀, á padà sílé. Ọba kan náà tí ó ń gba ìsákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì gbọ́dọ̀ bojú wo koríko kí ó tó pàṣẹ ogun.

Ọwọ́ tí ó di okùn mú

Ta ni ń tọ́jú ẹṣin? Ẹni tí ó ń gùn ún kọ́. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wọ aṣọ ogun kì í pa koríko, kì í fọ ẹ̀yìn ẹṣin, kì í ṣọ́ ọ lóru tí inú bá ń run ún. Àwọn ẹrú láti òkè ọya ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìlú tí ẹṣin ti wá ni àwọn náà ti wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láti kékeré. Johnson dárúkọ iṣẹ́ tí àwọn ẹrú Hausa ń ṣe nílẹ̀ Ọ̀yọ́: wọ́n ń fá irun, wọ́n ń da màlúù, wọ́n sì ń lọ́ okùn. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ni kò yẹ kí a gbójú fò. Nínú ìjọba tí ó gbára lé ẹran tí a ń so, ẹrú ni ó ń lọ́ okùn.

Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, kọ̀yìn sí Aláàfin, àwọn ẹrú wọ̀nyí ni ó pè ní 1817 pé kí wọ́n wá di òmìnira lábẹ́ òun. Wọ́n wá láti ibi gbogbo. Ìtàn ìṣubú Ọ̀yọ́ sábà máa ń dúró lórí ìjà láàrin àwọn ìjòyè, lórí èpè Aláàfin Awólẹ̀, àti lórí Álímì àti àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ní ààyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí agbo ẹṣin. Àwọn tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ sá lọ bá ọ̀tá. Ìlọrin, tí ó wà lójú ọ̀nà ọjà, sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò ní jẹ́ kí ẹṣin tuntun kọjá sí Ọ̀yọ́. Law tẹnu mọ́ kókó kejì yìí, ó sì jọ pé òótọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ ni a kò tíì fún ní ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́. Ẹṣin tí kò bí nílé, tí olùtọ́jú rẹ̀ ti lọ, tí a kò sì rí òmíràn rà, ìran kan péré ni yóò tó.

Ìpọ́njú náà ṣubú lé Ògbómọ̀ṣọ́ lórí kí ó tó dé ibòmíràn. Ìlú yìí wà láàrin Ìlọrin àti ibi tí Ọ̀yọ́ òde òní wà, ẹni tí ó sì di Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá, Tòyèjẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Òun ni ó ṣíwájú ogun Ògèlé láti lé àwọn àjèjì kúrò ní Ìlọrin, ogun náà kò sì yọrí sí rere. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní agbègbè náà tú, àwọn ènìyàn wọn sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó dúró. Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ dahoro ní nǹkan bí 1836. Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, ní etí igbó, níbi tí ẹṣin Ìlọrin kò ti ní lè sáré bí ó ṣe fẹ́. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, ẹlẹ́ṣin kò sì tún lè wọ inú igbó lọ sí ìhà gúúsù mọ́.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, ìlú tí a tẹ̀ dó láti sá fún ẹṣin ni. Ọ̀kan lára ibi tí ènìyàn ti lè rí ẹṣin Yorùbá púpọ̀ lónìí ni Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ní àárín ilẹ̀ igbó.

Ẹṣin òrìṣà

Agbo ẹṣin kan wà tí kò bá ti Ọ̀yọ́ Ilé ṣègbé. Ẹni tí Ṣàngó máa ń wá sí lórí ni a ń pè ní ẹlẹ́gùn, láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe gùn. Òrìṣà gùn ún bí a ṣe ń gun ẹṣin, ìdí sì nìyí tí a fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹṣin òrìṣà. Kò sí ìwọ̀sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Òǹkàwé òde òní lè rò pé a sọ ènìyàn di ẹran. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́, níbi tí ẹṣin kan ti wọ́n ju ohun ìní púpọ̀ lọ, tí kò sì sí ọba tí í fi ẹ̀gàn wo ẹran tí ó gbé e dé Àládà, oríkì ni.

A kì í bí ẹlẹ́gùn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́gùn. A máa ń fá orí rẹ̀, a ó sín in ní gbẹ́rẹ́ sórí, a ó fi oògùn sí i, yóò sì di adóṣù. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọkùnrin inú wọn á máa di irun bí obìnrin. Ìyàwó òrìṣà ni ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ́jọ̀. Èyí jọ ohun tí a ń ṣe fún ìlàrí ààfin, àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin tí a máa ń fá apá kan orí wọn, tí a sì ń sín ní gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Orúkọ wọn gan-an wá láti inú lílà orí. Ìlàrí lọ sí ibi tí ọba kò lè lọ, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọba ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́gùn náà ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Ọ̀yọ́ kò ní tẹlifóònù, kò sì ní ọmọ ogun tí ó lè jókòó sí gbogbo ìlú tí ń sìn ín. Ohun tí ó ní ni ènìyàn tí a ti tún orí rẹ̀ ṣe, tí ẹlòmíràn lè gùn.

Àríyànjiyàn ńlá kan wà lórí èyí láàrin àwọn onímọ̀. J. Lorand Matory, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1994 lẹ́yìn ìwádìí ní Ìgbòho, so ìyàwó, ẹṣin àti ẹlẹ́gùn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gùn, ó sì ka ìmúra àwọn ọkùnrin ẹlẹ́gùn sí ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, ta ko ó gidigidi nínú ìwé tirẹ̀ ní 1997. Ní ojú rẹ̀, ìyàwó kò túmọ̀ sí obìnrin. Ẹni tí ó wọ ilé láti ìta ni ìyàwó. Gbogbo ẹni tí a bí sínú agboolé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ bí àwọn ọmọdébìnrin ṣe ń jẹ́ ọkọ fún ìyàwó bàbá wọn ní agboolé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní jiyàn púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Bí a bá gbé ìtumọ̀ Oyěwùmí lé orí ọ̀rọ̀-ìṣe tí Matory tọ́ka sí, ohun kan hàn tí ìwé méjèèjì kò fi ṣe kókó. Ẹṣin wá láti òkè ọya. Ìyàwó wá láti agboolé mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìlàrí jẹ́ ẹrú, láti ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Òrìṣà sì máa ń mú ẹlẹ́gùn kúrò nínú ìran tirẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ di ará ilé Ṣàngó. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé àlejò ni wọ́n tí a sọ di ará ilé. Òun sì ni ó jẹ́ kí a nílò ẹni kẹta tí kì í ṣe ẹni tí ń gùn, tí kì í sì í ṣe ẹni tí a ń gùn. Ní ilé Ṣàngó, àwọn Mọ́gbà ni ẹni kẹta yìí. Òrìṣà kì í gun Mọ́gbà. Òun ni ó ń ṣe adóṣù, tí ó ń dúró ti ẹlẹ́gùn nígbà tí bàtá bá gbóná, tí ó sì mọ bí a ṣe ń mú un padà sí ara rẹ̀. Ní Kòso, níbi tí Aláàfin tuntun gbọ́dọ̀ dé kí ó tó lè jókòó lórí ìtẹ́, ọwọ́ àwọn olùtọ́jú òrìṣà ni ọ̀nà wà, kì í ṣe ọwọ́ ọba.

Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àkókò ìṣubú náà gbé èdè yìí kọjá òkun. Ní Brazil, ìyàwó ni ọ̀rọ̀ tí ó di iaô, orúkọ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ́jọ̀ nínú Candomblé. Ní Kúbà, ẹṣin ni wọ́n ń fi èdè Spain pe ẹni tí òrìṣà bá gùn, àwọn ará Haiti náà sì ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Dàhòmì àti Kóńgò ni púpọ̀ nínú ẹ̀sìn wọn ti wá. Ilé òrìṣà kan tí ó lókìkí ní Salvador, ní Bahia, ń jẹ́ orúkọ Ìyá Nàsó, oyè obìnrin tí ó ń tọ́jú ojúbọ Ṣàngó nínú ààfin Ọ̀yọ́. Ó yẹ fún àkíyèsí pé oyè olùtọ́jú ni ilé náà ń jẹ́, kì í ṣe oyè jagunjagun. Ní Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, ọdún Ṣàngó ṣì ń fa èrò láti Amẹ́ríkà àti ibòmíràn ní oṣù Ògún ọdọọdún, UNESCO sì fi í sínú àkójọ ogún àjogúnbá aráyé ní 2023.

Olókùn-ẹṣin

Oyè tí ó kù yìí, àṣìpè ti bá a. Kì í ṣe Olókun, òrìṣà inú òkun. Okùn ni, ohun tí a fi ń so ẹran. Olókùn-ẹṣin ni ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn àbọ́bakú, àwọn tí ipò wọn ní ààfin ní ìgbádùn púpọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ikú ọba ni ikú àwọn. Àwọn mìíràn wà lára wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà kan, Àrẹ̀mọ pàápàá máa ń bá ọba lọ. Àtìbà ni ó yí ti Àrẹ̀mọ padà, Adélù ọmọ rẹ̀ sì jọba ní 1859. Kúrunmí Ìjàyè kọ̀ láti gbà á, ó sì di ogun.

Ti Olókùn-ẹṣin kò yí padà nígbà yẹn. Ẹni tí a ti rí ìdí tí Ọ̀yọ́ fi ní láti bẹ̀rù ọwọ́ tí ó di okùn mú kò ní ṣe kàyéfì púpọ̀. Olùtọ́jú tí yóò kú lọ́jọ́ tí ọba bá kú kò ní rí èrè kankan nínú pé kí ọba tètè lọ. Àwọn tí ń lọ́ okùn ní 1817 kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ mọ́ Aláàfin. Ó ṣeé ṣe kí èyí má jẹ́ gbogbo ìdí àṣà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀run àti àjò ọba lọ sí ọ̀run ní ìwúwo tiwọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a lóye ìdí tí ó fi jẹ́ pé olùtọ́jú ẹṣin, nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ààfin, ni ọ̀ranyàn náà kàn.

Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní oṣù Ọ̀pẹ 1944 lẹ́yìn tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1911. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, Olókùn-ẹṣin rẹ̀ wọ Ọ̀yọ́, ó ń jó kiri ìgboro nínú aṣọ funfun, ó ń dágbére. Aṣojú ìjọba òyìnbó pàṣẹ pé kí wọ́n mú un, kí wọ́n má jẹ́ kí ó kú. Ọmọ rẹ̀ kan ni ó kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn náà ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Wole Soyinka sì fi í kọ eré tirẹ̀ ní 1975.

Nínú eré Soyinka, Ẹlẹ́ṣin ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ẹlẹ́ṣin ni ẹni tí ó ni ẹṣin, tí ó lè jókòó lé e lórí, tí ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá wù ú. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Johnson ti lò ṣáájú, èyí tí ó yá láti inú oyè ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sún un sí apá ibẹ̀ náà. Ìgbà tí oyè náà fi máa dé orí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, okùn ti bọ́ kúrò nínú orúkọ rẹ̀.